Sherpa: Orúkọ Ẹ̀yà Tó Di Orúkọ Iṣẹ́

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a lọ sí ilé-ìwé ni wọ́n kọ́ pé Edmund Hillary àti Sherpa Tenzing ni ó kọ́kọ́ dé ṣóńṣó òkè Everest, òkè tó ga jù lọ láyé, ní ọdún 1953. A há a sórí, a kọ ọ́ sínú ìdánwò, a sì gba máàkì wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: kí ni "Sherpa" tó wà níwájú orúkọ Tenzing yẹn? Àwọn kan rò pé orúkọ àbísọ rẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí Edmund ti jẹ́ orúkọ àbísọ Hillary. Àwọn mìíràn rò pé oyè ni, irú èyí tí a fi ń pe ènìyàn ní Sájẹ́ǹtì tàbí Dókítà. Àwọn tó pọ̀ jù gbà pé iṣẹ́ ni, pé ẹnikẹ́ni tó bá ti ń ru ẹrù gun òkè yìnyín, Sherpa ni. Èrò ìkẹta yìí ti wọ inú ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì báyìí, wọ́n sì ń fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́ níbẹ̀ bí wọ́n ti ń kọ káfíńtà tàbí bíríkìlà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá.

Kí àwọn ọ̀dọ́ wa tó máa rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí a yára sọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ yìí kò bá "sápà" tí wọ́n ń pe àìlówó lọ́wọ́ tan rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó, àti ẹni tí owó kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò wọ inú ìtàn náà kí a tó parí rẹ̀.

Ẹ̀yà kan ni àwọn Sherpa. Wọ́n ní èdè tiwọn, èdè tó bá èdè Tibet tan. Nínú èdè náà, "shar" ni ìlà-oòrùn, "pa" tàbí "wa" sì ni ènìyàn. Sharwa ni àwọn fúnra wọn máa ń pe ara wọn. Ará ìlà-oòrùn ni ìtumọ̀ rẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí òkè gígùn nínú orúkọ náà, kò sí ẹrù rírù níbẹ̀, kò sí okùn, kò sí àkàbà.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń jẹ́ ará ìlà-oòrùn? Nítorí ibi tí wọ́n ti ṣí wá ni. Ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn, àwọn baba ńlá wọn kúrò ní agbègbè Kham tó wà ní ìlà-oòrùn Tibet, wọ́n gba ojú ọ̀nà Nangpa La kọjá láàárín àwọn òkè, níbi tó ga ju mítà 5,700 lọ, wọ́n sì tẹ̀dó sí Khumbu, lẹ́yìn náà wọ́n tàn dé Solu, nínú ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Nepal lónìí. Òwò ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ń ra iyọ̀ àti irun àgùntàn láti Tibet, wọ́n sì ń kó oúnjẹ oníhóró láti ìsàlẹ̀ gòkè lọ pààrọ̀. Wọ́n ń sin yak, ìyẹn màlúù onírun gbọọrọ tí òtútù kì í mú. Wọ́n ń gbin ọkà báálì, nígbà tó sì di nǹkan bí ọdún 1800 sí 1900, ọ̀dùnkún òyìnbó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó sì di oúnjẹ wọn gan-an. Ẹ̀sìn Búdà ni wọ́n ń ṣe. Ibi mímọ́ ni àwọn òkè gíga wọ̀nyẹn lójú wọn, wọn kì í sì í gun ṣóńṣó rẹ̀. Kí àwọn òyìnbó tó dé, kò sí Sherpa kan tó ń fi òkè gígùn ṣe iṣẹ́ jẹun. Òkè tí à ń pè ní Everest yìí pàápàá, Chomolungma ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó fi orúkọ George Everest, olórí àwọn awọnlẹ̀ wọn ní India, pè é ní ọdún 1865.

Ohun kan wà nípa orúkọ àwọn ènìyàn yìí tí yóò dùn mọ́ àwọn òǹkàwé wa. Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní tiwọn, ọjọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń wò. Ọmọ tí wọ́n bá bí ní ọjọ́ Ajé, Dawa ni. Ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Mingma. Ti Ọjọ́rú, Lhakpa. Ti Ọjọ́bọ̀, Phurba. Ti ọjọ́ Ẹtì, Pasang. Ti ọjọ́ Àbámẹ́ta, Pemba. Ti ọjọ́ Àìkú, Nima. Ẹni tó bá mọ bàbá kan tó ń jẹ́ Jímọ̀ tàbí Àlàmísì ní àdúgbò rẹ̀ kò ní í ṣe ìyanu púpọ̀. Pasang ni Jímọ̀ tiwọn, Phurba sì ni Àlàmísì. Níwọ̀n bí ọjọ́ kò ti ju méje lọ, ẹ lè fojú inú wo iye Pasang tó lè wà ní abúlé kan. Nígbà tí àwọn akọ̀wé ìjọba àti àwọn òyìnbó dé pẹ̀lú ìwé wọn, tí wọ́n ń bèèrè orúkọ bàbá, orúkọ ẹ̀yà ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìlú di Sherpa nínú ìwé: Dawa Sherpa, Nima Sherpa, Lhakpa Sherpa. Ó dà bí ìgbà tí a bá kọ gbogbo wa sínú ìwé ìrìnnà pé Jímọ̀ Yorùbá àti Àlàmísì Yorùbá. Ibi tí àṣìgbọ́ kan ti wọlé nìyẹn.

Bí iṣẹ́ ṣe wọ inú orúkọ

Ìlú Darjeeling ní India ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú òkè tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti sá fún ooru ni, iṣẹ́ sì pọ̀ níbẹ̀: títí là, tíì gbígbìn, ẹrù rírù. Àwọn ọ̀dọ́ Sherpa fi ilé sílẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ rìn kọjá òkè lọ wáṣẹ́ níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí oko kòkó láyé àtijọ́. Alexander Kellas, ọmọ ilẹ̀ Scotland kan tó jẹ́ onímọ̀ kẹ́mísírì, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí wọn. Láti ọdún 1907 ló ti ń kó wọn lọ sórí òkè, ó sì yìn wọ́n ju gbogbo aláàárù mìíràn lọ. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dìde láti lọ wo Everest fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọdún 1921, Kellas bá wọn lọ, ó sì kú sójú ọ̀nà. Àwọn Sherpa bá wọn lọ pẹ̀lú.

Ìdí tí wọ́n fi dára ju àwọn mìíràn lọ níbẹ̀ kì í ṣe agbára apá lásán. Bí ènìyàn bá ti ń gòkè ni afẹ́fẹ́ tó ń mí sínú ń dín kù. Lórí Everest, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó wà fún ènìyàn láti mí kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí à ń mí ní etíkun Èkó. Bí èmi àti ìwọ bá gòkè, ara wa á máa ṣe ẹ̀jẹ̀ kún ẹ̀jẹ̀, títí ẹ̀jẹ̀ náà yóò fi ki, tí yóò sì máa fa wàhálà sí ọkàn àti ọpọlọ. Àwọn Sherpa àti àwọn ará Tibet tí wọ́n ti gbé lókè fún ẹgbẹ̀rún ọdún lọ́nà púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ wọn kì í ki bẹ́ẹ̀. Ara wọn mọ bí ó ti í fi ọ́síjìn díẹ̀ ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti rí àmì rẹ̀ nínú ohun tí wọ́n jogún lára bàbá àti ìyá wọn. Èyí kò wá sọ pé òtútù kì í pa wọ́n, tàbí pé yìnyín mọ orúkọ wọn.

Ó pa wọ́n, ó sì yá láti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù June ọdún 1922, lójú ọ̀nà Everest láti ìhà Tibet, òkìtì yìnyín ya lulẹ̀ ó sì gbá àwọn aláàárù méje lọ. Gbogbo àwọn òyìnbó tó wà níbẹ̀ ni ó yè. Àwọn méje yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tí ìtàn mọ̀ pé ó kú nínú akitiyan láti gun òkè náà, ṣùgbọ́n orúkọ George Mallory, ẹni tó ṣáájú wọn ní ọjọ́ yẹn tó sì kú ní ọdún 1924, ni gbogbo ayé mọ̀.

Ní ọdún 1934, àwọn ará Jámánì lọ sí òkè Nanga Parbat. Ìjì dé bá wọn lókè. Àwọn ará Jámánì mẹ́ta àti àwọn Sherpa mẹ́fà ni ó bá a lọ. Ọ̀kan nínú wọn, Gaylay, ṣì lágbára láti rìn, ṣùgbọ́n ó dúró ti Willy Merkl tó jẹ́ ọ̀gá wọn nínú yìnyín títí àwọn méjèèjì fi kú. Ní ọdún 1939, lórí òkè K2, àwọn ará Amẹ́ríkà fi ẹnìkan tó ń jẹ́ Dudley Wolfe sílẹ̀ lókè, kò lè sọ̀ mọ́. Pasang Kikuli àti àwọn Sherpa méjì mìíràn padà gòkè lọ gbé e. Wọn kò padà wá. Kò sí àdéhùn iṣẹ́ kankan tó ní kí wọ́n lọ. Ní àkókò yìí kan náà ni ẹgbẹ́ Himalayan Club tó wà ní India bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tó bá ta yọ nínú wọn ní àmì ẹ̀yẹ "Ẹkùn", kí owó iṣẹ́ wọn lè lé díẹ̀ sí ti àwọn yòókù. Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, bí òyìnbó bá wí pé òun fẹ́ "Sherpa mẹ́wàá", kì í ṣe ẹ̀yà ló ń sọ mọ́. Òṣìṣẹ́ mẹ́wàá ló ń wá.

Tenzing fúnra rẹ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1914 ni wọ́n bí Tenzing Norgay. Abúlé Thame ní Khumbu ni ó gbà dàgbà, ó sì sá lọ sí Darjeeling nígbà tó ń di géńdé. Láti ọdún 1935 ló ti ń bá àwọn òyìnbó lọ sí Everest. Ní ọdún 1952, òun àti Raymond Lambert, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, gòkè kọjá ibi tí ẹnikẹ́ni tí a mọ̀ ti dé rí, díẹ̀ ló sì kù kí wọ́n débẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì pè é ní ọdún 1953, nínú gbogbo wọn, òun ló mọ òkè náà jù. Méjì ni ipò tó dì mú: òun ni olórí àwọn aláàárù, ó sì tún jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn agunkè gan-an.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ìrìn-àjò tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé Kathmandu, wọ́n fún àwọn òyìnbó ní yàrá ní ilé aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n ní kí àwọn Sherpa sùn sí, kò sì sí ilé ìyàgbẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn Sherpa tò síwájú ilé náà láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n. A kò sọ pé kí ọmọ ẹnikẹ́ni lọ ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ jẹ́ yé àwọn tí wọ́n jẹ́ ẹ fún.

Ní ọjọ́ 29 oṣù May ọdún 1953, Tenzing àti Hillary dé ṣóńṣó òkè náà. Ìròyìn tàn ká ayé. Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi Hillary jẹ oyè Sir, ó sì fi John Hunt tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ náà jẹ ẹ́ pẹ̀lú. Tenzing gba àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń pè ní George Medal. Àwọn ìwé ìròyìn ń pè é ní Sherpa Tenzing, ọ̀rọ̀ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn bíi pé oyè tirẹ̀ náà ni wọ́n fún un. Kò sí ìwé ìròyìn tó kọ ọ́ pé New Zealander Edmund. Ní tòótọ́ Hillary kò gbàgbé wọn. Ó dá àjọ kan sílẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́ wọn, ó sì bá wọn kọ́ ilé-ìwé sí Khumjung ní ọdún 1961, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn àti àwọn ilé-ìwé mìíràn. A ní láti sọ èyí, kí a má baà dá gbogbo òyìnbó lẹ́bi papọ̀.

Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri láìsí àwọn tó ni ín. Ní ọdún 1974, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ British Leyland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan jáde, wọ́n pè é ní Sherpa, nítorí pé ó ń ru ẹrù. Aṣọ òtútù tó ní irun wúruwùru nínú bí irun àgùntàn, tí àwọn ènìyàn wa ń rà wọ̀ ní London, sherpa ni wọ́n ń pe irun náà. Èyí tó yani lẹ́nu jù ni ti àwọn olóṣèlú. Nígbà tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè ńlá bẹ̀rẹ̀ ìpàdé ọdọọdún wọn láti ọdún 1975, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń pe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni èyí tí wọ́n fi ń pe ṣóńṣó òkè. Wọ́n wá wò ó pé ẹni tó bá ń ṣe làálàá ṣáájú, tó ń ka ìwé, tó ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúnàádúrà kí olórí tó dé wá ya fọ́tò, sherpa ni òun náà. Orúkọ náà mọ́ wọn lára. Ẹgbẹ́ G20 ń lò ó títí di òní, nígbà tí wọ́n sì gba Ìṣọ̀kan Áfíríkà wọlé ní oṣù September ọdún 2023, Áfíríkà náà di ẹni tó ní láti yan sherpa tirẹ̀. Ẹni tó wọ kóòtù, tó wà nínú yàrá ẹ̀rọ amúlétutù, ló wá ń jẹ́ ará ìlà-oòrùn Tibet.

Àwọn Mùsùlùmí tó wà ní ìhà kejì

A fẹ́ kí àwọn òǹkàwé wa mọ̀ pé òkè Himalaya kọ́ ni ìtàn yìí parí sí. Òkè K2, tó jẹ́ ìkejì Everest ní gíga pẹ̀lú mítà 8,611, wà nínú òkè Karakoram, ní ààlà ilẹ̀ Pakistan àti China. Nígbà tí wọ́n pín India sí méjì ní ọdún 1947, tí ogun Kashmir sì tẹ̀ lé e, ó ṣòro fún àwọn Sherpa láti Darjeeling láti wọ Pakistan ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn ará Hunza àti àwọn ará Baltistan ni wọ́n gba ẹrù náà rù. Mùsùlùmí ni wọ́n. Ìlú wọn wà láàárín àwọn òkè, wọ́n ń gbin ápríkọ́ọ̀tì àti ọkà, bí àwọn Sherpa ni àwọn náà kò sì gun ṣóńṣó òkè kankan kí àlejò tó dé.

Amir Mahdi, ọmọ abúlé Hassanabad ní Hunza, ni a fẹ́ dúró lé lórí. Ní ọdún 1953, nígbà tí Hermann Buhl dá nìkan dé orí Nanga Parbat tó sì sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí òtútù ti bà jẹ́, Mahdi wà lára àwọn tó gbé e pọ̀n sọ̀kalẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ará Ítálì wá fún K2. Ní ọjọ́ 30 oṣù July ọdún 1954, ó ku ọjọ́ kan kí wọ́n gun ún dé òpin. Àwọn méjì tí wọ́n yàn láti dé orí rẹ̀, Achille Compagnoni àti Lino Lacedelli, ti wà lókè nínú àgọ́. Ohun tó kù ni kí ẹnìkan gbé àwọn àgbá ọ́síjìn lọ bá wọn, ẹrù wíwúwo sì ni. Walter Bonatti, tí kò tíì ju ọmọ ọdún 24 lọ, àti Mahdi ni wọ́n gbé e.

Àwọn tó wà lókè ti ta àgọ́ sí ibòmíràn tó yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n jọ fẹnu kò sí. Ilẹ̀ ṣú. Bonatti àti Mahdi ń kígbe, wọ́n ń kígbe. Nígbà tó yá, iná kan tàn lókè, ohùn kan sì dáhùn pé kí wọ́n gbé ọ́síjìn náà sílẹ̀ kí wọ́n sì sọ̀kalẹ̀. Iná náà kú. Òkùnkùn ti bò ó, ọ̀nà tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ kò ṣeé sọ̀, Mahdi sì ti ń ṣe bí ẹni tí orí rẹ̀ fẹ́ dàrú. Wọ́n gbẹ́ ibi tóóró kan sínú yìnyín, wọ́n jókòó síbẹ̀ di òwúrọ̀, ní nǹkan bí mítà 8,100, láìsí àgọ́, láìsí aṣọ ìbora. Bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ Mahdi kì í ṣe irú èyí tí àwọn ará Ítálì wọ̀. Nígbà tí ojúmọ́ mọ́, ó sọ̀kalẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 31 yẹn, Compagnoni àti Lacedelli dé ṣóńṣó K2, pẹ̀lú ọ́síjìn tí Mahdi àti Bonatti gbé.

Gbogbo ìka ẹsẹ̀ Mahdi ni wọ́n gé. Kò gun òkè mọ́. Ó padà sí Hassanabad, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi kú ní ọdún 1999. Bonatti ja ìjà ọ̀rọ̀ náà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, nítorí wọ́n tún yí i padà pé òun ló mu lára ọ́síjìn náà. Ó lé ní 50 ọdún kí ẹgbẹ́ agunkè ilẹ̀ Ítálì tó gbà pé ìtàn rẹ̀ ni òótọ́. Ìwé púpọ̀ ni wọ́n ti kọ nípa ẹ̀dùn ọkàn Bonatti, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ìwé wọ̀nyẹn, "Hunza" ni wọ́n ń pe Mahdi, "Hunza náà ṣe báyìí, Hunza náà wí báyìí." Ìlú rẹ̀ ti di iṣẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà Tenzing ti di iṣẹ́ tirẹ̀.

Lẹ́yìn wọn, àwọn ará ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé orí òkè náà fúnra wọn. Ashraf Aman láti Hunza ni ọmọ Pakistan àkọ́kọ́ tó dé orí K2, ní ọdún 1977. Muhammad Ali Sadpara, tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aláàárù láti abúlé Sadpara ní Baltistan, wà lára àwọn mẹ́ta tó kọ́kọ́ gun Nanga Parbat nígbà òtútù, ní oṣù February ọdún 2016. Ní ilẹ̀ òkèèrè, ohun tí wọ́n sábà fi ń ṣàlàyé irú wọn ni pé "àwọn Sherpa ilẹ̀ Pakistan ni wọ́n". Wọ́n rò pé ìyìn ni.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní aláàárù tó ń jẹ búrẹ́dì, awọ orí rẹ̀ ló ń jẹ. Ní ọjọ́ 18 oṣù April ọdún 2014, ní àárọ̀ kùtùkùtù, yìnyín ńlá já láti ẹ̀gbẹ́ Everest, ó sì bọ́ sórí àwọn tó ń gba Khumbu kọjá, níbi tí odò yìnyín ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ tí wọ́n sì ń fi àkàbà sọdá ihò rẹ̀. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n máa ń gbà á, kí oòrùn tó mú yìnyín náà rọ̀. Ọmọ Nepal 16 ló kú, òṣìṣẹ́ ni gbogbo wọn. Àlejò tó sanwó láti gun òkè lè gba ibẹ̀ kọjá ní ẹ̀ẹ̀mélòó kan péré. Àwọn tó ń gbé àgọ́, oúnjẹ àti ọ́síjìn rẹ̀ á gbà á lọ gbà á bọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà jù ú lọ, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì gbà á ni ewu ọ̀hún wà níbẹ̀. Ìjọba kọ́kọ́ ní àwọn yóò fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní 40,000 rúpì, owó tí kò ju nǹkan bí 400 dọ́là lọ nígbà náà. Inú bí àwọn Sherpa. Wọ́n kọ̀ láti gòkè mọ́ ní ọdún yẹn, iṣẹ́ sì dá dúró ní ìhà Nepal. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fi kún owó adójútòfò wọn. Láti oṣù September ọdún 2025, ìwé àṣẹ láti gun Everest ní ìgbà ìrúwé jẹ́ 15,000 dọ́là fún àlejò kan.

Àwọn obìnrin wọn náà kò gbẹ́yìn. Pasang Lhamu Sherpa ni obìnrin àkọ́kọ́ láti Nepal tó dé orí Everest, ní ọjọ́ 22 oṣù April ọdún 1993, ó sì kú nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀. Lhakpa Sherpa, tí kò lọ sí ilé-ìwé nígbà èwe, ti dé ibẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá nígbà tó fi máa di ọdún 2022, ó sì ń ṣe iṣẹ́ abọ́ fífọ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín ìrìn-àjò kan sí òmíràn. Kami Rita Sherpa pé ẹ̀ẹ̀kanlélọ́gbọ̀n ní oṣù May ọdún 2025.

Kí ni kí a wá máa pè wọ́n ní èdè tiwa? Kò ṣòro. Ẹni tó ń gun òkè, agunkè ni. Ẹni tó ń ru ẹrù, aláàárù ni. Ẹni tó ń ṣáájú fi ọ̀nà hàn, afinimọ̀nà ni. Sherpa, kí a fi sílẹ̀ fún àwọn tí bàbá wọn jẹ́ Sherpa, kí a sì máa fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́. Ẹ má ṣe sọ pé àwa kì í ṣe irú rẹ̀. Ọmọ tí a bí sí Èkó lè dàgbà láìmọ̀ pé ènìyàn ni Àgànyìn, pé àwọn tó ti Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ wá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ohun tí òun mọ̀ ni pé ọ̀nà kan tí à ń gbà se ẹ̀wà ni.

Ní ọjọ́ 16 oṣù January ọdún 2021, K2 nìkan ló ṣẹ́kù nínú àwọn òkè mẹ́rìnlá tó ga ju mítà 8,000 lọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì gùn nígbà òtútù. Ọmọ Nepal mẹ́wàá ló gùn ún lọ́jọ́ náà. Kò sí àlejò kankan láàárín wọn, kò sì sí ẹni tí wọ́n ń bá gbé ẹrù. Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n débẹ̀, àwọn tó wà níwájú dúró de àwọn tó wà lẹ́yìn nínú òtútù yẹn, wọ́n jọ gbé ẹsẹ̀ sórí rẹ̀, wọ́n sì ń kọ orin orílẹ̀-èdè wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sọ pé Sherpa mẹ́wàá ni. Sherpa mẹ́sàn-án ni. Ẹnì kẹwàá, Nirmal Purja, ọmọ ẹ̀yà Magar ni.